Ààlà Tí Kọ́ńkọ́dáǹsì Kò Ro

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ka ju ìlà méjì lọ kí ẹ tó tẹ 'Àmín', mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Ìtàn náà kò gùn. Ìbànújẹ́ inú rẹ̀ ló gùn.

1.

Ní Òsì, bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé ibi tí ẹsẹ Bíbélì kan wà, Adégbóyè ni wọ́n ń bi. Àgbẹ̀ ni, òun náà ló sì ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kọ́ńkọ́dáǹsì, ìwé tó ń tọ́ka ibi tí ẹsẹ Bíbélì wà, ni wọ́n fi ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí pásítọ̀ bá ṣi ẹsẹ kà, Adégbóyè á wúkọ́ níbi tó jókòó sí. Gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ nìkan ni kì í rín in.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo kú ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì àti oko iṣu kan lọ́nà Òkè-Òpin. Bọ́sẹ̀dé kò mọ̀wé. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló mọ̀ sórí, pé Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn òun, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rò pé Olúwa jókòó sórí ebè kejì ni.

2.

Bí ọyẹ́ bá ti mú, gbogbo olóko lágbègbè wa ní í ro ààlà oko rẹ̀ yí ká, kó mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́, kí iná ìgbẹ́ tó bá débẹ̀ má rí koríko jẹ. Nínú agbo ilé Adégbóyè, opó tí kò tíì pé ọdún kan kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ro ààlà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ro ó. Iṣẹ́ àárọ̀ méjì péré ni.

Bọ́sẹ̀dé lọ bá a lọ́jọ́ Ajé. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti bá a, tó ń kọ́ ìwé Jákọ́bù sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ìdíje àwọn ìjọ tó ń bọ̀ ní Ìlọ́fà lọ́jọ́ Sátidé. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní gbogbo èbù tí òun fẹ́ gbìn lọ́dún yìí ti wà nínú ọgbà tí wọ́n ń kó iṣu sí lóko, òun kò sì ní òmíràn.

"Máa lọ ní àlàáfíà, ìyàwó wa," ni Adégbóyè wí, kò gbójú sókè. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ọ̀la dé, ọ̀la kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀, Bọ́sẹ̀dé padà wá, ó ní bí kò bá rọrùn fún ẹ̀gbọ́n òun, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ní àwọn á bá òun ro ó. Ojú Adégbóyè pọ́n. Ó béèrè bóyá ó fẹ́ kí gbogbo Òsì gbọ́ pé òun kò lè tọ́jú opó àbúrò òun ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ààlà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọyẹ́ ti mú."

"Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré. Mọ́ńdè ni mo máa ro ó."

Adéṣọlá ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró títí Bọ́sẹ̀dé fi lọ.

"Bàbá Fikáyọ̀, ṣé Jákọ́bù yìí ò lóko ni?"

Adégbóyè ní kó má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣàwàdà.

3.

Ní Sátidé, kóòtù àbúrò rẹ̀ tó jogún ló wọ̀ lọ sí Ìlọ́fà. Kóòtù kò wúwo bí ààlà. Ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí Jákọ́bù ti ń bá ẹni kan wí, ẹni tó sọ fún aláìní pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ móoru, tí kò sì fún un ní nǹkan kan. Ó kà á bí ẹni ń da oyin sílẹ̀. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀bùn ipò kìn-ín-ní fún un: agogo ara ògiri.

Wákàtí yẹn gan-an ni ẹnìkan tó ń lé òkété kiná bọ igbó. A ò tíì rí ẹni tó jẹ́wọ́ títí dòní. Iná dé ààlà àwọn yòókù, ó pẹ̀yìn dà. Ó dé ti Bọ́sẹ̀dé, ó wọlé bí onílé. Bàbá Ògúnjìnmí tí oko wọn jọ pààlà ń sáré, ó ń ké "Uná! Uná!" bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é. Kí èèyàn tó dé, Bọ́sẹ̀dé tó wà lóko ti wọnú ọgbà iṣu lọ, ó ń fọwọ́ méjèèjì kó èbù. Imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi bo ọgbà náà gbiná, ó ya lulẹ̀ lé e lọ́wọ́.

4.

Ọ̀kadà ló gbé Kọ́ńkọ́dáǹsì bọ̀, agogo láyà rẹ̀. Màjàlà ń bà lé kóòtù rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n dànù. Nígbà tó dé oríta tí ẹnikẹ́ni kò kí i, ara rẹ̀ sọ fún un.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé dé ìgúnpá. Nọ́ọ̀sì sọ fún Adégbóyè lẹ́nu ọ̀nà pé ọwọ́ yẹn kò ní lè di ọkọ́ mú mọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tì. Ẹsẹ Bíbélì nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Olúwa ni olùṣọ́..."

Bọ́sẹ̀dé kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á. Ẹyọ ẹsẹ kan tí mo ní náà ti jó."

5.

Àwọn ẹbí Bọ́sẹ̀dé wá láti Ìdòfin, wọ́n kó o lọ tọmọtọmọ. Wọ́n ní kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní Mọ́ńdè tí Adégbóyè ṣèlérí, ó gbé ọkọ́, ó lọ ro ààlà náà láti òpin dé òpin. Eérú ló ń ro. Ẹnikẹ́ni kò bá a débẹ̀.

Pásítọ̀ ṣì ń ṣi ẹsẹ kà. Ẹnikẹ́ni kì í wúkọ́ mọ́. Adéṣọlá ti yọ bátìrì agogo náà. Ó ní ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọkọ́ bá ń kan òkúta.

Ìwọ tó ń kà á yìí, má tíì rẹ́rìn-ín Kọ́ńkọ́dáǹsì. Ẹsẹ mélòó lo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ta lo sì sọ fún pé "mò ń bọ̀ lọ́la"? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wọ orí tí kò dé ọwọ́, kò lè dá iná dúró. Ó sì lè jẹ́ ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ni iná náà máa jó. Ohun tó bá wà nílẹ̀ fún ọ láti ṣe, dìde kí o lọ ṣe é lónìí. "N ó lọ lónìí, n ó lọ lọ́la," kì í jẹ́ kí àlejò gbin awùsá.