Fọ́tò Ilé Dípọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi! Ẹ súnmọ́bí, òfófó dé.

Dípọ̀ ń fẹ́ Adùnọlá ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tí ò nílé.

Dípọ̀ bá gbé fọ́tò ilé wá. Ó mọ́ kedere, mo rí òdòdó lójú fèrèsé!

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọkọ̀ lọ wò ó ní Odò-Orò.

Oko ẹ̀gẹ́ la bá!

Ọkọ mi ní, "Dípọ̀, ulé ọ̀hún dà?"

"Sà, plánì tí mo fi kọ̀ǹpútà yà ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ di fọ́tò, mo jẹ́ kó mọ́ jù."

Adùnọlá bú sẹ́kún. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Dípọ̀.

"Àna mi nìyí! Bàlúù tí mo dúró tì nínú fọ́tò tí mo fi fẹ́ ìyá Adùnọlá, ara ògiri onífọ́tò ni wọ́n kùn ún sí!"

Háà! Mo torí bàlúù yẹn kọ onípẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdó! Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́.

Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?