Ẹni Tí Yóò Gba Studebaker

Ọkọ̀ Studebaker ọdún 1950 kan wà nínú gáréèjì Ọ̀gbẹ́ni Titus ní àdúgbò Temple ní ìlú Calgary, Olújìmí tó ń gbé ní òdìkejì títì sì ti fọkàn sí i tipẹ́. Òyìnbó àgbàlagbà tí kò bímọ ni Titus. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé kí òun tó kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òun máa fi ọkọ̀ náà ta ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ́rẹ.

Olújìmí fẹ́ràn rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á jókòó ti bàbá náà, á máa gbọ́ ìtàn kan náà láì sú u: bí ogun ṣe parí tí gbogbo ayé ń wá mọ́tò, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣì ń tún ọkọ̀ ayé ìṣáájú ogun kùn tà, tí Studebaker tí kò tó wọn rárá sì gbé ọkọ̀ tuntun jáde ṣáájú wọn. Bàbá tó bí Titus wà lára àwọn tó ń tà á ní Calgary. Àwọn èèyàn ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n tún ń fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò mọ ibi tó kọjú sí, torí iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọra.

Lọ́jọ́ kan, Olújìmí mú àbúrò rẹ̀, Máyọ̀kún, dání lọ síbẹ̀. Beltline, láàárín ìgboro, ni Máyọ̀kún ń gbé, train ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò tilẹ̀ mọ mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí Morọ́láyọ̀, ìyàwó Olújìmí, fi sọ pé òun rí i láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń kó snow lẹ́nu ọ̀nà bàbá, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Ni Olújìmí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀ láàárín wọn: ohun tí òun bá làágùn lé lórí, Máyọ̀kún á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e fún un.

Lọ́jọ́ Sunday, Máyọ̀kún wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, ó sì dúró sẹ́nu gáréèjì wọn, ó ń wò ó yíká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni gbogbo carton yìí ń ṣe nínú garage?"

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Nothing o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ clear ẹ̀ ni."

Olújìmí bi í pé kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ Titus. Ó ní òun kàn ń kí bàbá ni, ó sì gbójú sórí fóònù rẹ̀. Olújìmí mọ̀ pé irọ́ ni. Nínú ìdílé tiwọn, èèyàn kì í sọ ohun tó ń lépa títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí PR, ìwé ìgbélùú Olújìmí fúnra rẹ̀, jáde tán ni ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ń wá a.

Ní Sátidé, ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Titus pé òun ò bá má sọ ọ́, torí ọmọ ìyá òun ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í sòótọ́. Ohunkóhun tó bá sọ, kí bàbá má gbà á gbọ́. Titus dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olújìmí padà sílé tayọ̀tayọ̀, ó kó àwọn páálí rẹ̀ lọ sí basement.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá gbé Studebaker náà lọ. Sálúbàtà ni Olújìmí fi sọdá. Ó béèrè bóyá Beltline ni wọ́n ń gbé e lọ. Titus ní rárá, ẹnì kan ní ìlú Red Deer tí òun kò mọ̀ rí ni.

"Àbúrò rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún," ni bàbá náà wí, "ó ní òun ò lè gbà á níwájú ẹ̀gbọ́n òun, àtìgbà náà ló sì ń wá bẹ̀ mí pé kí n fún ọ, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó ọ, mo sì gbà á gbọ́ títí tí o fi ní kí n má gbà á gbọ́."