Irúgbìn Elégédé Tí Òkété Fún Àparò

Àlọ́ mi já fìrì, ó wọ ọgbà Òkété.

Elégédé kan wà níbẹ̀ tí ìyá Òkété fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Kò sí irú rẹ̀ nílùú. Nígbà tí Àparò, aládùúgbò rẹ̀, wá tọrọ irúgbìn, ojú ti Òkété láti sọ pé rárá. Ó yan irúgbìn náà nínú agbada kó má baà hù, ó sì dì í fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tó yá, àgbàrá gbá ọgbà Òkété lọ, pẹ̀lú gbogbo irúgbìn tó kó pamọ́. Àparò wá bá a kẹ́dùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún mọ́. Mo gbin díẹ̀ nínú èyí tí ẹ fún mi, kò hù. Mo ní ọwọ́ mi ni kò dára, ni mo bá tọ́jú ìyókù dè yín. Òun nìyí.”

Òkété fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n jọ gbìn ín. Àparò ń bomi rin ín, ó ń dá orin:

Elégédé ìyá ẹ̀gbọ́n mi,
— Jọ̀wọ́ hù.
Ilẹ̀ ti tutù, òjò ti rọ̀,
— Jọ̀wọ́ hù.

Àràárọ̀ ni Àparò ń wá dá orin náà. Òkété mọ ohun tó mọ̀, ó ń gbè é.