Ìlú Bàbá Sàláwù

Òfin ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ìlú náà kò lọ́jú pọ̀. Ìlú bàbá ẹni ni ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ẹni tí bàbá kankan kò bá jẹ́wọ́ rẹ̀, kó gbá fún ìlú ìyá rẹ̀.

Ìkàrẹ́ ni Sàláwù kọ́kọ́ lọ. Limota ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọ̀kà, ti sọ fún un pé ará Ìkàrẹ́ ni bàbá rẹ̀, pé ó sẹ́ oyún. Kò dárúkọ ọkùnrin náà rí. Bí Sàláwù bá ti béèrè, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹni bíni là á jọ. Tó bá rí ọ, á mọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà gbé sọ́kàn dàgbà. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan pe òun lọ́mọ.

Láìwọ bàtà ló wọ pápá Ìkàrẹ́. Ògúnsúyì, kóòṣì wọn, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi í léèrè ọmọ ta ni. Sàláwù ní òun ò mọ bàbá òun, pé Limota ará Ọ̀kà ló bí òun. Ògúnsúyì gbójú kúrò, ó ní kó máa lọ, pé àwọn kì í gba ọmọ tí kò ní bàbá. Kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá.

Ọ̀kà gbà á tayọ̀tayọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó gun ìka kejì bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Sàláwù náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìlú méjèèjì ló pàdé ní àṣekágbá. Ọlálẹ́yẹ, kóòṣì Ọ̀kà, kò lo Sàláwù títí Ìkàrẹ́ fi gbá góòlù kan wọlé. Bí Sàláwù ṣe dìde láti wọ pápá, Ògúnsúyì sáré dé etí ìlà, ó ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì ọmọ yẹn. Ó ti pààrọ̀ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ tán, kò sí ohun tó tún lè ṣe. Ẹsẹ̀ òsì náà ni Sàláwù fi gbá góòlù méjì wọlé. Kò bá àwọn ará Ọ̀kà jó nígbà tí wọ́n borí. Ojú àwọn ọkùnrin Ìkàrẹ́ ló ń wò kiri.

Kí wọ́n tó gbé ife fún Ọ̀kà, Ògúnsúyì lọ bá Mọ́júbọ́lá, alága ìdíje. Ó ní Sàláwù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá fún Ọ̀kà, pé Ìkàrẹ́ ló ni ife, pé bàbá rẹ̀ wà láàyè ní Ìkàrẹ́, ó sì ti ṣe tán láti jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ọlálẹ́yẹ fárígá. Mọ́júbọ́lá ní òfin ni òfin, ṣùgbọ́n ẹnu bàbá náà fúnra rẹ̀ ni òun ti máa gbọ́ ọ. Limota, tó wá wòran, ti ń fa ọmọ rẹ̀ láṣọ, ó ń sunkún, ó ní kí àwọn máa lọ sílé.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá," ni Sàláwù wí. "Ife ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi."

Ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí koríko de ẹni tó ń bọ̀.

Ògúnsúyì bọ́ bàtà òsì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga níwájú alága, ó nàka sí ọmọńdinrín tó gun ìka kejì, ó ní, "Èmi ni mo bí i," ó sì nawọ́ sí ife láìbojú wo ibi tí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sí.