Bọ́ǹbù Tó Gba Orí Ògiri Wá

Èmi àti Jagunlabí, àjèjì kan tí n kò rí rí, nìkan ló kù láàyè nínú eré ogun orí fóònù.

Mo kọ̀wé sí i: “Òpònú, bí o bá pa mí, màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ.”

Susan, ìyàwó mi, ń bó ẹ̀gẹ́. “Bàbá Jésùtómi, ẹ yé bú ẹni tí ẹ ò mọ̀.”

Mo sá sẹ́yìn ògiri.

Jagunlabí gbé ẹ̀rọ ajubọ́ǹbù abẹ́ ìbọn rẹ̀ sókè, bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò. Bọ́ǹbù gba orí ògiri já lé mi.

Mo kú.

Ẹ̀rín sọ nídìí ààrò tí a fi ń yan púpurú ẹ̀gẹ́.

Ìyá Susan jáde, fóònù lọ́wọ́. “Bàbá Jésùtómi, òpònú ti dé.”

Àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Òní nìkan ni wọ́n ní, “Ẹ má tíì dìde, Susan ń ya fọ́tò.”