Orúkọ Bákàrè Nínú Lẹ́tà Ọ̀gá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Bákàrè ti ń bá ará Íńdíà kan ta aṣọ ní Kumasi, kò sì sẹ́ni tó pè é lólè rí. Ní Sátidé, ìdì aṣọ mẹ́rin pòórá ní ṣọ́ọ̀bù. Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bákàrè bá a lórí tábìlì. Èdè Íńdíà ni, àmọ́ ABD ni wọ́n fi kọ ọ́, torí Kumasi ni wọ́n bí ọmọ náà sí, kò mọ ìwé ilẹ̀ baba rẹ̀ kà. Nǹkan mẹ́ta péré ló yé Bákàrè níbẹ̀: orúkọ tirẹ̀, orúkọ Jímọ̀h tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti ọlọ́pàá.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bí wọ́n bá lé e lórúkọ olè, ojú wo ló fẹ́ fi wo àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní mọ́ṣáláṣí Krofrom? Ó da lẹ́tà náà kọ sẹ́yìn àpòòwé.

Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ayigya ló gbà lọ, níbi tí Georgina, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Georgina ní àwọn ará Íńdíà tó wà lẹ́yìn odi máa ń fi ABD kọ orin wọn síbẹ̀, wọ́n á kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kálukú ń kọ ọ́ bó ṣe dún létí tirẹ̀.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé orúkọ Bákàrè. Orin fíìmù kan gbé e jáde.

“Olè ni wọ́n pè é níbí, Bàbá.”

Bákàrè sún àpòòwé náà mọ́ ọn. Ó ní kó wá èyí tó kù.

Georgina tẹ ọ̀rọ̀ kejì bí ọ̀gá ṣe kọ ọ́, kò rí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, òfo ni. Nígbà tó dẹ̀ẹ̀kẹrin, ojú ìwé rẹpẹtẹ yọ. Ó ń wá ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, Bákàrè ń làágùn.

“Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Bákàrè kì í ṣe olè, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Jímọ̀h ni ọ̀gá yín ń fura sí. Lọ́la ni ọlọ́pàá á wá yẹ yàrá rẹ̀ wò.”

Omi bọ́ lójú Bákàrè. Ó ṣàdúà fún Georgina títí dẹ́nu ọ̀nà. Georgina ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú bàbá kò jọ ti olè.

Láti ibẹ̀ Bákàrè wọ ọkọ̀ Santasi lọ sílé Sàbírátù àbúrò rẹ̀, ó fa ìdì aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lábẹ́ ibùsùn, ó sì yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún yàrá Jímọ̀h.