Ọdún Tí Wọ́n Pọ́n Idà Náà

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, Monísọ́lá Ọládẹ̀jọ kọ̀wé sí kóòtù pé orí bàbá òun kò pé mọ́. Ó ní kí adájọ́ fi bàbá náà sábẹ́ àṣẹ òun, kí òun lè gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó, kí òun sì ta ilé rẹ̀ ní Springdale, nílẹ̀ òyìnbó. Ní ọdún yẹn, ilé kì í pẹ́ kó tó tà ní Springdale.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Bàbá Ọládẹ̀jọ. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtírí. Ìtàn kan ṣoṣo ni dókítà kọ sílẹ̀ lòdì sí i. Bàbá ní lọ́dún 1941, nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kano, sójà ẹlẹ́ṣin kan láti Poland fi idà rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ kó tó kú. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni idà náà ń sùn.

"Sójà ẹlẹ́ṣin," ni Monísọ́lá wí ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Láti Poland. Ní Kano. Ó sì ń wa ọkọ̀ òfurufú. Dádì, ẹ gbọ́ ara yín ná."

"Ẹṣin rẹ̀ ti kú," ni bàbá dáhùn. "Kí lo fẹ́ kó gùn?"

Lukman rẹ́rìn-ín. Òun ló gba yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní College Park, iṣẹ́ kò sì tíì yọjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aláìníṣẹ́ ni bàbá máa ń pè é.

Monísọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Largo, yíjú sí i. "Ìwọ tó o kàwé, wo nǹkan yìí fún mi. Èmi rò pé irin ìṣeré ni. Ìjẹta, Dádì nà án sí nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n, ẹ̀rín ni ìyẹn rín."

"Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin," ni bàbá wí. "Àwàdà ni."

"Tó o bá fi hàn pé ojúlówó ni, pé ó lọ sójú ogun, mi ò ní jiyàn mọ́."

"Àǹtí, ṣé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lukman lò láàárín ìwé. Ó rí i pé àwọn ará Poland tí ogun lé kúrò nílé ń wa ọkọ̀ òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Takoradi lọ sí Íjíbítì lọ́dún náà, Kano sì wà lójú ọ̀nà wọn. Ó fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ìdí irin náà, nítòsí èèkù. Ó rí ẹyẹ idì tó dé adé, nọ́ńbà kan, àti orúkọ ilé iṣẹ́ irin kan ní ìlú Kielce ní Poland. Nǹkan bí ọdún 1936 sí 1939 ni wọ́n rọ irú rẹ̀, fún àwọn ẹlẹ́ṣin Poland.

"Ìyẹn kàn sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́ ni," ni Monísọ́lá wí. "Ta ló sọ pé ó jagun?"

Òun fúnra rẹ̀ ló wà wọ́n lọ sí Baltimore ní ọjọ́ Sátidé, lọ́dọ̀ bàbá ará Poland kan tó ń tún ohun ìjà àtijọ́ ṣe. Bàbá Ọládẹ̀jọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé idà náà lé itan.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sínú búùtù," ni Monísọ́lá wí.

"Òkú ni mo ṣèlérí fún. Kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi máa kú."

Lukman kọ ìyẹn náà sínú ìwé ẹ̀rí tó ń kọ fún kóòtù. Ó rò pé kò sí wèrè tó lè pa irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ará Poland náà kò wo ẹyẹ idì pẹ́. Ó mú bébà ìròyìn, ó fi ojú idà náà kàn án, bébà náà sì là sí méjì.

"Lákòókò àlàáfíà, wọn kì í pọ́n wọn," ni ó wí. "Ọdún 1939, nígbà tí wọ́n pe àwọn sójà jọ, ni àṣẹ dé pé kí wọ́n pọ́n wọn. Èyí kì í ṣe idà tí wọ́n fi ń yan níbi ayẹyẹ. Wọ́n pọ́n ọn láti pànìyàn, ó sì ṣì lè ṣe é."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Bàbá Ọládẹ̀jọ.

"Ṣé ẹ lè kọ ìyẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i?" ni Monísọ́lá bi í.

Ó kọ ọ́. Lukman fi í mọ́ ìwé rẹ̀, ó sì fa igi sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kóòtù, ó ka ìwé náà sí bàbá létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọdún márùndínláàádọ́rin ni mo ti ń sọ ọ́," ni bàbá wí. "Mo ti yọ Aláìníṣẹ́ kúrò lórúkọ rẹ. Lọ bá mi lọ aṣọ mi."

Ní kóòtù, Monísọ́lá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó dìde, ó ní òun ti ka ìwé Lukman, òun sì gbà pé gbogbo ohun tí bàbá òun sọ, òótọ́ ni. Bàbá Ọládẹ̀jọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lukman di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.

Lọ́yà Monísọ́lá kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó ka ìwé Lukman sókè, ó rọra ka "ó sì ṣì lè ṣe é" tí Lukman fa igi sí lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, pé nítorí rẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń sùn ti irú ohun bẹ́ẹ̀, tó nà án sí nọ́ọ̀sì, tó sì búra pé òun kò ní fi í sílẹ̀, kò fi gbọ́dọ̀ sùn nílé ara rẹ̀ mọ́.